Orúkọ Tí Onílé Kankan Kò Lè Lé Jáde

Ní orúkọ Ọlọ́run tí ó dá mi sí títí di òní: èmi, tí orúkọ mi ní kíkún wà lára ìwé ìrìbọmi tí a so mọ́ ìwé yìí, tí tọmọdé tàgbà sì mọ̀ sí Bàbá Onítẹ̀wé, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ń kéde pé orí mi pé, ojú mi ń ríran pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ awò, ọwọ́ mi kò sì gbọ̀n ju bí ọwọ́ àgbà ti ń gbọ̀n lọ. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi, ẹnikẹ́ni kò sì fi oyin tọ́ mi lẹ́nu.

Mo fagi lé ìwé ìhágún tí mo kọ ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn. Inú ń bí mi nígbà tí mo kọ ọ́. Inú ìwé náà ni mo ti sọ pé ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Irọ́ ni. Ọmọ méjì ni mo bí, mo sì dúpẹ́ pé Ọlọ́run kò pa mí kí n tó tún un kọ.

Àwọn alámòójútó ìwé yìí ni ọ̀rẹ́ mi Agbẹjọ́rò, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì, àti Ìyá Akọ̀wé, tí ń tọ́jú ìwé ìjọ wa. Mo bẹ ẹ̀yin méjèèjì pé kí ẹ tó pín ohunkóhun, kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ohun tí mo kọ sí ẹ̀ka kẹrin. Ohun tó kù lè dúró. Ìyẹn kò lè dúró.

ÈKÍNÍ. Ilé mi tí ó ní yàrá mẹ́fà, tí ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ni mo há fún àwọn ọmọ mi méjèèjì, Àkọ́bí mi ọkùnrin, tí í ṣe oníṣirò, àti àbíkẹ́yìn mi obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Kíákíá. Kí wọ́n má ṣe tà á níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá ṣì ń dún nísàlẹ̀. Àtẹ̀gùn kẹta máa ń ké bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún un ṣe. Òun ni mo fi ń mọ ìrìn àwọn ọmọ mi yàtọ̀ sí ìrìn ẹni tó wá wo mítà iná.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi nínú ilé ara mi lè má mọ̀ pé ìgbà mẹ́ta ni onílé ti lé mi. Èkíní fẹ́ kó ẹrù ọmọ rẹ̀ sí ibẹ̀. Èkejì ta ilé mọ́ mi lórí. Ẹ̀kẹta ní ariwo ẹ̀rọ mi ni ó la ògiri òun, ògiri tí ó ti là kí wọ́n tó rọ ẹ̀rọ náà. Nígbà gbogbo tí a bá kó, àtẹ lẹ́tà òjé ni a ń gbé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni gbé ẹyin. Síbẹ̀, kì í ṣe ẹrù ni ó dùn mí jù. Olùkọ́ tí ó kọ́ mi níṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé míṣọ́n kọ́ wa pé ìwé kankan kò gbọdọ̀ jáde láìní ìlà ẹsẹ̀, ìyẹn ìlà kékeré ní ìsàlẹ̀ ojúewé ìkẹyìn tí ń sọ ẹni tí ó tẹ ìwé náà àti ibi tí ó wà. Ó ní, kí ẹni tí ó bá rí àṣìṣe lè mọ ẹni tí yóò bá wí. Gbogbo ìgbà tí onílé bá lé mi, gbogbo ìlà ẹsẹ̀ tí mo ti tẹ̀ ṣáájú di irọ́. Ènìyàn á mú ìwé mi dání, á wá mi lọ sí ibẹ̀, á sì bá ẹni tí ń ta bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀.

ÈKEJÌ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, àtẹ lẹ́tà òjé mẹ́rìnlélógún, àti tábìlì tí sígá ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ jó ihò sí lórí, ni mo há fún Atolẹ́tà, tí ó ti bá mi to lẹ́tà láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò sí ẹni tí ó lè to ìlà kan kíá bí rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń kùn tó o nígbà tí ó bá ń tò ó. Kí ó máa lo ìsàlẹ̀ ilé láìsan owó ilé. Èmi tí onílé ti lé nígbà mẹ́ta kò ní di onílé tí ń lé ènìyàn lẹ́yìn ikú mi.

Ẹ̀KẸTA. Ológbò mi aláwọ̀ eérú, tí ó ti ń ṣọ́ bébà lọ́wọ́ eku fún ọdún méje, ni mo há fún àbúrò mi ọkùnrin, tí ń ṣe káàdì ìkésíni. Mo mọ̀ pé kò fẹ́ràn ológbò. Ológbò náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Kí àwọn méjèèjì máa gbé pọ̀, kí wọ́n jọ kọ́ sùúrù.

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ ń bẹ láàárín àwa méjèèjì. Ní ọjọ́ tí o gbọ́ pé mo ń sanwó lọ́dọọdún fún orúkọ tí a kò lè fọwọ́ kàn, o rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ. O ní, “Ẹ̀gbọ́n, afẹ́fẹ́ lẹ rà yẹn o! Ẹ wo ojúewé tèmi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, àwọn oníbàárà sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́.” Mo dá ọ lóhùn pé àgbàlá alágbàlá ni o ń gbá mọ́. O ní ọ̀rọ̀ àgbà ni, o sì tún rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́sàn-án ni o fi kó oníbàárà jọ síbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn tó ni ibẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ. Wọn kò sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí o ṣẹ̀, kò sì sí ẹni tí o lè lọ bẹ̀. O wá jókòó sí iwájú ilé iṣẹ́ mi, o di fóònù mú bí ẹni di òkú ẹyẹ mú. N kò rẹ́rìn-ín. Kí ó wà nínú àkọsílẹ̀ pé n kò rẹ́rìn-ín, bí ó tilẹ̀ ṣòro.

Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, mo ra orúkọ kan fún ọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, orúkọ iṣẹ́ tìrẹ gẹ́lẹ́, kí ẹlòmíràn tó gbé e. Mo fẹ́ fún ọ ní ọjọ́ tí mo rà á, ṣùgbọ́n bí o ti wọlé ni o fi ẹsẹ̀ ti ológbò mi, mo sì fi í pa mọ́. Ọdún mẹ́fà nìyí tí mo ti ń sọ ọ́ dọ̀tun. Mo há a fún ọ. Ìwé rẹ̀ wà nínú àpótí irin. Kọ́ ilé rẹ sórí ilẹ̀ ara rẹ, kí o sì máa fún ológbò lóúnjẹ.

Ẹ̀KẸRIN. Orúkọ ilé iṣẹ́ wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní dòméènì, ni ohun ìní mi tí ó níye lórí jù lọ. Kò wúwo, kò sì gba àyè. Iná kò lè jó o, òjò kò lè rin ín, onílé kankan kò lè lé e jáde. Nínú gbogbo ayé, ẹni kan ṣoṣo ni ó lè ní in ní àkókò kan, èmi sì ni ẹni náà.

Kí n tó sọ ẹni tí mo há a fún, ó yẹ kí n jẹ́wọ́.

Ọmọ ogún ọdún ni Kíákíá nígbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú mi. Ó dúró láàárín àwọn òṣìṣẹ́, ó ní, “Bàbá, bébà nìkan ò tó mọ́. Àwọn èèyàn ń wá wa lórí kọ̀ǹpútà, wọn ò rí wa.” Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n iwájú ènìyàn ni ó ti sọ ọ́, ìgbéraga mi kò sì jẹ́ kí n gbọ́. Mo ní bí lẹ́tà ojú dígí bá dára ju lẹ́tà òjé lọ, kí ó lọ máa jẹ dígí. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ká a ní mẹ́rin, ó fi lé orí tábìlì, ó lọ. Ọdún mẹ́fà ni a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Ìyá wọn ìbá wà láyé, ìjà náà kì bá pé ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbà náà ni mo kọ ìwé ìhágún tí mo fagi lé.

Ní ọdún kẹfà, ìjọ gbé iṣẹ́ ìwé orin fún wa, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ẹ̀dà. Oṣù náà gan-an ni onílé kẹta fún mi ní ìwé pé kí n kó jáde. Mo jókòó síwájú ìlà ẹsẹ̀, n kò mọ ibi tí n óò kọ síbẹ̀. Atolẹ́tà kùn pé, “Ẹ kọ ti íńtánẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, ìyẹn ò ní onílé.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ronú orúkọ tí ó yẹ wá, mo fi ọwọ́ ara mi tò ó ní lẹ́tà òjé, a tẹ̀ ẹ́, a rán an, a dì í, a kó o fún ìjọ. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni mo tó wọ bàtà láti lọ ra orúkọ náà.

Kí ẹ má ṣe fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá ti lo ọdún márùndínlọ́gọ́ta nídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé gbà pé ohun tí a bá ti tẹ̀ ti di òtítọ́. N kò mọ̀ pé orúkọ dà bí ilẹ̀: a kì í kọ nọ́ńbà ilé sára ògiri kí a tó san owó ilẹ̀. Ọmọge tí ó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà níbi tí wọ́n ti ń ta irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wò ó, ó ní, “Bàbá, wọ́n ti rà á. Ó ti pé ọjọ́ mọ́kànlá.” Mo béèrè ẹni tí ó rà á. Ó ní ẹni náà kò jẹ́ kí orúkọ òun hàn.

Mo padà sílé bí ẹni tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀. Ìwé orin ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, lọ́wọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ olùjọsìn, ń fi ọwọ́ tọ́ka sí ilé olè! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, níbi àdúrà òwúrọ̀ tí a máa ń ṣe kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹni náà sinmi, kí oúnjẹ má ṣe dùn lẹ́nu rẹ̀, kí ọwọ́ tí ó fi rà á wú. Gbogbo òṣìṣẹ́ ń ṣe àmín. Àfi Atolẹ́tà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlélógún, mo dá àdúrà dúró, mo bi í léèrè ìdí tí kò fi ṣe àmín. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Bàbá, mi ò lè ṣe àmín sí i. Kíákíá ni.”

Òun ni ó fi ojúewé ìkẹyìn ránṣẹ́ sí ọmọ mi ní ọjọ́ tí mo tò ó, nítorí ó mọ̀ pé n kò tíì ra orúkọ náà, ó sì bẹ̀rù láti sọ fún mi. Ní wákàtí náà gan-an ni ọmọ mi rà á. Ẹni tí mo lé jáde ni ó sáré lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà mi kí olè má baà wọlé.

Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ilé iṣẹ́, mo kó gbogbo èpè náà jẹ padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí ilé rẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ ibi tí ó ń ṣiṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ó ṣí ilẹ̀kùn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ tú mọ́ mi lẹ́nu. Ó ní, “Bàbá, ẹ pẹ́. Ẹ wọlé, ẹsẹ̀ yín á ti máa ro yín.” Ó gbé ìwé kan fún mi. Mo bojú wo ibi tí a kọ olóhun sí, kí n lè rí orúkọ rẹ̀. Orúkọ tèmi ni mo rí. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, láàárín ìjà, kò fi í jẹ́ tirẹ̀ fún wákàtí kan. Mo ti rí ẹni tí a rán lọ ra ilẹ̀ tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìwé. N kò tíì rí ẹni tí a kò rán, tí a tilẹ̀ lé, tí ó lọ rà á, tí ó fi í sórúkọ ẹni tí ó lé e.

Ọdún mẹ́rìnlá nìyí. Ó kọ́ ojúewé wa sórí rẹ̀, ó gbé àwòrán ẹ̀rọ síbẹ̀ àti ọ̀nà tí a fi ń dé ọ̀dọ̀ wa. A ti kó lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà, ìkẹyìn sì ni inú ilé ara wa yìí. Nígbà méjèèjì, kí omi tó hó lórí iná ni Kíákíá ti yí àpèjúwe ọ̀nà padà, oníbàárà kankan kò sì sọnù. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí kò gbà láti fi ìbéèrè ìdánwò ránṣẹ́ sí ímeèlì ọ̀fẹ́ tí a ń lò. Ó ní ẹnikẹ́ni lè jí lọ́la kí ó ní òun ni Bàbá Onítẹ̀wé. Nígbà tí ímeèlì wa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ wa, ó kọ̀wé pé, “Ẹ ṣé, sà. Nísinsìnyí mo mọ ilé tí lẹ́tà yín ti jáde.” Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń bọ̀. Ohun tí ó wú mi lórí jù kò tilẹ̀ ju èyí lọ: nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ìwé orin, kò sí ọ̀kan tí ìlà ẹsẹ̀ rẹ̀ purọ́. Olùkọ́ mi ìbá gbọ́, ìbá bọ́ fìlà.

Àkọ́bí mi, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Ní ọdún tí ó kọjá, ilé iṣẹ́ ńlá kan kọ̀wé pé àwọn fẹ́ ra orúkọ náà. O ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. O ní, “Bàbá, owó yìí á kan òrùlé, á sì ra ẹ̀rọ tuntun. Orúkọ lásán ni. Ẹ jẹ́ ká tà á, ká ra òmíràn.” N kò pè ọ́ ní olójúkòkòrò. Oníṣirò ni ọ́, o sì ṣírò dáadáa. Pé wọ́n fẹ́ san irú owó bẹ́ẹ̀ fi hàn pé àbúrò bàbá rẹ kò mọ ohun tí ó ń rẹ́rìn-ín sí. Ṣùgbọ́n ohun kan ni o kò ṣírò: ìwé tí a ti tẹ̀ kì í ṣeé pè padà. Ìyá àgbàlagbà kan yóò ṣí ẹ̀yìn ìwé orin rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sí i, yóò ní kí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá òun wá àwọn tó tẹ̀ ẹ́, wọn yóò sì kan ilẹ̀kùn àjèjì. Orúkọ mi ni yóò mú wọn débẹ̀.

Nítorí náà, mo há orúkọ ilé iṣẹ́ wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún Kíákíá nìkan. Agbẹjọ́rò fẹ́ kí n fi ẹ̀wọ̀n sí i, kí n kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ tà á. N kò kọ ọ́. Mo de ilé, mo de ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mi pa orúkọ mi mọ́ tónítóní nígbà tí mo ń ṣépè fún un, kò sí okùn tí mo ní tí ó lágbára ju ọwọ́ ara rẹ̀ lọ. Bí ó bá tà á, ìdí wà. Bí ó bá pa á mọ́, n óò mọ̀ níbi tí mo bá wà.

Àwọn alámòójútó, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ má ṣe pa nọ́ńbà fóònù mi, ẹ má sì ṣe ti ímeèlì mi, títí Kíákíá yóò fi gba orúkọ náà sọ́wọ́, nítorí ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tí ń forúkọ sílẹ̀ máa ń fi ìwé ìmúdájú ránṣẹ́ sí. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń wọlé síbẹ̀ wà nínú àpò ìwé tí a fi òǹtẹ̀ dì. Orúkọ tí a kò bá sọ dọ̀tun a máa kú, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé a sì gbé e lọ. Kí ìgbòkègbodò ìsìnkú mi má ṣe sin òun náà. Ní oṣù tí ó kọjá, mo lọ san ti ọdún mẹ́wàá, èyí tí ó pọ̀ jù tí wọ́n ń gbà. Ọmọkùnrin tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ wo irun orí mi, ó ní, “Bàbá, ṣé ọdún mẹ́wàá lẹ wí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé orúkọ náà kò tíì dàgbà tó mi.

ÈKARÙN-ÚN. Orúkọ kẹta tí mo ní, tí í ṣe orúkọ ìdílé wa, ni mo há fún ìwọ, Àkọ́bí mi. Mo rà á kí àjèjì má baà máa jẹ́ wa. Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan àti ọmọ ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ímeèlì tirẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, àti èyí tí a kò tíì bí. Olórí ilé ni ọ́. Ilé tí kò ní ògiri ni mo fi lé ọ lọ́wọ́, mo sì mọ̀ pé ìwọ tí o máa ń ka nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta kò ní gbàgbé ọjọ́ ìsọdọ̀tun rẹ̀.

Ẹ̀KẸFÀ. Abẹ́rẹ́ ìránwé ìyá wọn, àti òrùka irin tí ó máa ń fi sí ìka, ni kí a fún Kíákíá. Ìyá wọn ni ó rán ìwé àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀. Ó rán an ní òdì, mo tà á bẹ́ẹ̀, n kò sọ fún un títí ó fi kú. Mo sọ ọ́ wàyí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá jẹ mí ní gbèsè iṣẹ́, mo ti dárí rẹ̀ jì í. Aṣọ iṣẹ́ tí a ká ní mẹ́rin ṣì wà nínú àpótí mi, bí Kíákíá ti ká a gan-an. Tirẹ̀ ni.

Atolẹ́tà fẹ́ fọwọ́ sí ìwé yìí, ṣùgbọ́n Agbẹjọ́rò ní ẹni tí a há nǹkan fún kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ó kùn. Mo wá ní kí ó dúró tì wá, kí n gbàdúrà ìkẹyìn níwájú rẹ̀. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ó fún ọmọ mi obìnrin ní ìsinmi, kí oúnjẹ máa dùn lẹ́nu rẹ̀, kí ọwọ́ tí ó fi ra orúkọ náà má ṣe rọ láéláé. N kò tíì parí gbólóhùn náà tí Atolẹ́tà fi ṣe àmín. Kí ó wà nínú àkọsílẹ̀ pé ó ṣe é, ó sì ṣe é sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ológbò fi sá wọ abẹ́ tábìlì.

Mo fi ọwọ́ ara mi sí i, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, ọdún 2023, nínú ilé iṣẹ́ mi, lójú àwọn ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ní àkókò kan náà.

Ìfọwọ́sí: BÀBÁ ONÍTẸ̀WÉ

Ẹlẹ́rìí kìíní: Apòògùn, aládùúgbò mi, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì títì.

Ẹlẹ́rìí kejì: Tíṣà Àgbà, tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó ka ìwé yìí jálẹ̀ tí kò sì rí àṣìṣe.

Ilé iṣẹ́ Bàbá Onítẹ̀wé ni ó tẹ ìwé yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí wa, ibi tí a kọ sẹ́yìn ìwé orin yín náà ni a ṣì wà.